Fuzzy logic àti àwọn ọ̀nà mẹ́ta mìíràn tí kọ̀ǹpútà fi ń bá dókítà dá àìsàn mọ̀: èwo ni kí ilé ìwòsàn wa mú?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó ti nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní Àkúrẹ́, mo sì ń kọ ohun tí àwọn tó wá gba ìtọ́jú ń fi ẹnu ara wọn sọ. Ìyá kan ní ara ọmọ òun kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ní ìrọ̀lẹ́ àná, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di òru, ó ti ń gbóná janjan. Bàbá àgbàlagbà kan ní ẹnu òun ń korò, òòyì sì ń kọ́ òun díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní orí ń fọ́ òun bí ẹni pé ó fẹ́ là sí méjì. Kò sí ẹni tó dárúkọ nọ́ńbà kankan nínú wọn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ gbogbo wọn yé nọ́ọ̀sì náà, ó sì mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Bí a bá wá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ran irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀nà wo ni kí a gbà kọ́ ọ?

Oríṣi ènìyàn mẹ́ta ló sábà máa ń bi mí ní ìbéèrè yìí. Àwọn kan jẹ́ onílé ìwòsàn àdáni tí oníṣòwò ti gbé ètò kọ̀ǹpútà wá bá, àwọn kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, FUTA, tí wọ́n ń wá iṣẹ́ àṣekágbá, àwọn yòókù sì jẹ́ ọmọ ilé ìṣègùn ní UNIMED ní ìlú Oǹdó, tí wọ́n mọ àìsàn ju kọ̀ǹpútà lọ. Mo ti gbé ọ̀nà mẹ́rin kalẹ̀ níwájú wọn lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti fi wọ́n wé ara wọn. Mi ò ní fi ibi tí mo dúró sí pamọ́: lójú tèmi, fuzzy logic, ìyẹn ọ̀nà tó ń fi ìwọ̀n sọ bí nǹkan ṣe rí dípò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lásán, ni ó yẹ kí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ fún irú ilé ìwòsàn tí a ní níbí, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ibà Lassa lé e lọ́wọ́ nìkan.

Àwọn tí a ń fi wé ara wọn

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti òfin gígún, èyí tí ìdáhùn rẹ̀ kì í kọjá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí àmì kìíní bá wà, tí àmì kejì náà sì wà, a jẹ́ pé àìsàn báyìí ni. Èyí tó lókìkí jù nínú irú rẹ̀ ni MYCIN, tí Edward Shortliffe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970. Òfin inú rẹ̀ tó nǹkan bí 600, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dá irú bakitéríà tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn mọ̀, kí ó sì dábàá oògùn tó lè pa á. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn rí i pé bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan kò lè gbé ọ̀rọ̀ ìṣègùn, nítorí náà wọ́n so nọ́ńbà ìdánilójú mọ́ òfin kọ̀ọ̀kan, láti −1 dé +1. Bí ó ti gbọ́n tó, wọn kò fi ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní ilé ìwòsàn rí.

Ọ̀nà kejì ni ìṣirò ìṣeéṣe, tí a fi orúkọ Thomas Bayes pè, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí i jáde ní 1763 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìṣirò yìí máa ń béèrè bí àìsàn kan ti wọ́pọ̀ tó láàárín àwọn ènìyàn ká tó wo àmì kankan, lẹ́yìn náà ni yóò máa fi àmì kọ̀ọ̀kan gbé ìṣeéṣe náà sókè tàbí kí ó fà á wálẹ̀. Ní 1972, de Dombal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi í yẹ aláìsàn 304 tí inú rírun òjijì gbé wá sí ilé ìwòsàn wò. Kọ̀ǹpútà gbà á ní ìdá 91.8 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí dókítà tó ga jù nínú àwọn tó tọ́jú wọn gbà á ní ìdá 79.6. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé Bayes ti di ohun àtijọ́, kí ó kọ́kọ́ wo nọ́ńbà méjèèjì yìí.

Ọ̀nà kẹta ni fuzzy logic. Lotfi Zadeh, tí wọ́n bí ní Baku ní 1921, tó sì ń kọ́ni ní Berkeley ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1965. Ohun tó sọ ni pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí ènìyàn ń pín nǹkan sí kò ní ògiri: kì í ṣe pé nǹkan wà nínú ẹgbẹ́ tàbí pé kò sí níbẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ dé ìwọ̀n kan, láti 0 títí dé 1. Àwọn ẹlẹ́rọ ló kọ́kọ́ fi í ṣiṣẹ́ gidi. Ọ̀kan nínú wọn, Mamdani, fi darí ẹ̀rọ kan tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́ ní London ní àwọn ọdún 1970, nígbà tó sì di 1987, fuzzy logic ló ń darí ìsáré àti ìdúró ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ìlú Sendai ní Japan. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣègùn náà fi mú un lò. Ní Vienna, Klaus-Peter Adlassnig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í kọ́ ètò kan tó ń jẹ́ CADIAG-2, tó ń fi ìwọ̀n so àmì mọ́ àìsàn.

Ọ̀nà kẹrin ni èyí tí gbogbo ènìyàn ń pariwo rẹ̀ lónìí, ìyẹn kí a kó àkọsílẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn fún kọ̀ǹpútà kí ó fi kọ́ ara rẹ̀, bíi neural network. Kò sí ẹni tó ń kọ òfin fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wá bí àmì ti so mọ́ àìsàn.

Ní ẹnu ààlà

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ àárín ọ̀nà àkọ́kọ́ àti ìkẹta ti hàn jù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ètò olófin gígún gba 38 lórí tẹmómítà gẹ́gẹ́ bí ààlà ibà. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 37.9 kò ní ibà, ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 38.1 ní ibà, a sì fi àwọn méjèèjì sí ojú ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá. Gbogbo wa sì mọ̀ pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò ju ohun tí párásítámọ́ọ̀lù tí ìyá ọmọ fún un nílé lè fà, tàbí tẹmómítà tí wọn kò fi sí abíyá dáadáa.

Fuzzy logic máa ń ṣe é báyìí. A bá àwọn dókítà jókòó, a ní kí wọ́n sọ ibi tí ara gbígbóná ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí kò ti sí iyèméjì mọ́. Bí wọ́n bá fẹnu kò sí 37.5 àti 39, a óò fún 37.5 ní 0, a óò fún 39 ní 1, àwọn tó wà láàárín yóò sì máa gun òkè díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ní 37.9 yóò gba nǹkan bí 0.27, ẹni tó ní 38.1 yóò gba 0.4, ẹni tó ní 38.4 yóò gba 0.6. Kò sí kòtò láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì. Ẹni tó ní 38.4 yìí sì lè wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ara wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ìwọ̀n 0.3 ní àkókò kan náà, láìsí ìjà, gẹ́gẹ́ bí ìyá kan ṣe lè dáhùn pé ara ọmọ náà gbóná, àmọ́ kò tíì gbóná janjan.

Lẹ́yìn èyí ni òfin yóò wá wọlé, ṣùgbọ́n òfin tí a kọ sórí ọ̀rọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká mú un pé aláìsàn wa ní ìwọ̀n 0.6 nínú ara gbígbóná, tó sì ní 0.8 nínú orí fífọ́ gan-an. Òfin tó sọ pé bí ara bá gbóná, tí orí sì ń fọ́ gan-an, kí ìfura màláríà ga, yóò mú èyí tó kéré nínú méjèèjì, ìyẹn 0.6, yóò sì fi ìwọ̀n yẹn gbé ìfura náà kalẹ̀. Òfin mìíràn yóò gbé tirẹ̀ wá lórí ẹnu kíkorò, òmíràn lórí èébì, òmíràn lórí ìgbẹ́ gbuuru. A óò kó gbogbo wọn jọ, a óò sì wá àárín gbùngbùn ohun tí wọ́n ń sọ, kí ó lè di nọ́ńbà kan tí dókítà lè kà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wù mí tó bẹ́ẹ̀ ni pé èdè wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lọ́ wọ́ọ́rọ́, gbóná, gbóná janjan: ẹgbẹ́ mẹ́ta nìyẹn lójú kan náà, tí kò sì sí ẹni tó ní láti kọ́ ìyá kan ní ìtumọ̀ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò bá kọ irú ètò yìí ní Àkúrẹ́ kò gbọdọ̀ lọ mú ọ̀rọ̀ inú ìwé òkèèrè kí ó wá máa tú u. Ibi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní láti ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tó gbòòrò jù. Ibà ni olórí wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ń fi ọ̀rọ̀ kan yìí pe màláríà, a ń fi í pe ara gbígbóná, a sì tún ń fi í pe àárẹ̀ tí a kò mọ ibi tó ti wá. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ "ibà" sínú kọ̀ǹpútà lásán, kò tíì sọ ohunkóhun fún un.

Àríwísí kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Àwọn kan ní fuzzy logic kò mú ojúsàájú ààlà kúrò, pé ńṣe ló kàn gbé e kúrò lórí 38 lọ sórí 37.5 àti 39. Òtítọ́ ni. Dókítà méjì lè má fẹnu kò lórí ibi tí ìlà náà ti gbéra. Àǹfààní tó kù, tó sì tóbi, ni pé bí wọ́n bá ṣìṣe díẹ̀ níbẹ̀, àbájáde yóò yí padà díẹ̀. Ní ti òfin gígún, àṣìṣe díẹ̀ lè sọ bẹ́ẹ̀ ni di bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ohun tí nọ́ńbà náà ń wí

Àṣìṣe tí mo rí jù nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé wọn yóò kọ́ ètò fuzzy logic, yóò gbé 0.6 jáde, wọn yóò sì kọ sójú rẹ̀ pé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣeé ṣe kí aláìsàn ní màláríà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wo igbá kan tí omi kún dé ìdajì rẹ̀. Ìwọ̀n tó fi jẹ́ igbá kíkún ni 0.5. Ẹ tún wo igbá méjì tí a dé lórí, tí ọ̀kan kún dé ẹnu tí èkejì sì gbẹ, tí a ní kí ènìyàn mú ọ̀kan láìwo inú rẹ̀. Ìṣeéṣe pé yóò mú èyí tó kún ni 0.5. Nọ́ńbà kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọgbọọgba: ti àkọ́kọ́ dá a lójú pé òun yóò mu omi díẹ̀, ti ìkejì lè jẹ́ kí ó mu àmuyó tàbí kí ó má rí nǹkan kan mu. Fuzzy logic ń sọ bí àwọn àmì tí a rí ti bá àwòrán àìsàn kan mu tó. Bayes ń sọ bí ó ti ṣeé ṣe tó pé àìsàn náà ló wà níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí lágbára níbi tí àìsàn ti ṣọ̀wọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní àyẹ̀wò kan wà tó ń mú ẹni 95 nínú 100 tó ní àìsàn, tó sì ń dá ẹni 95 sílẹ̀ nínú 100 tí kò ní i. Bí a bá yẹ 10,000 ènìyàn wò níbi tí ẹnì kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ti ní àìsàn náà, 95 nínú àwọn 100 tó ní i ni yóò jáde pé wọ́n ní i, ṣùgbọ́n 495 nínú àwọn 9,900 tí kò ní i náà yóò jáde bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo 590 tí àyẹ̀wò tọ́ka sí, nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àìsàn lóòótọ́. Bí a bá gbé àyẹ̀wò yìí kan náà lọ síbi tí ẹni 30 ti ní i nínú ọgọ́rùn-ún, iye náà yóò di ìdá 89. Àyẹ̀wò kò yí padà, ìlú ló yí padà. Bayes mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Fuzzy logic kò mọ̀ ọ́n àfi bí a bá sọ ìgbà àti ibi di ara ohun tí a ń bi í, bóyá ẹ̀ẹ̀rùn ni tàbí òjò, bóyá aláìsàn ti àdúgbò tí àìsàn náà ti ń jà wá. Ní ọ̀rọ̀ yìí, Bayes ló borí, kò sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn fuzzy logic bí èmi máa fi bò.

Ohun tó ń dí Bayes lọ́wọ́ lọ́dọ̀ wa ni pé nọ́ńbà tó fẹ́ jẹ kò sí nílẹ̀. Ó fẹ́ mọ iye ènìyàn tó ní táífọ́ọ̀dù ní àdúgbò Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ àti ní abúlé tó wà lẹ́yìn ìlú, ó fẹ́ mọ iye nínú wọn tí ẹnu wọn ń korò àti iye nínú àwọn tí kò ní i tí ẹnu wọn ń korò bákan náà. Leeds ní 1972 ka àwọn aláìsàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa kò tíì kà wọ́n bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ

Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ neural network, nítorí pé ebi rẹ̀ ju ti Bayes lọ. Ó fẹ́ àkọsílẹ̀ púpọ̀ tí a ti kọ orúkọ àìsàn tòótọ́ sí lára. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti dé, káàdì ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn, òmíràn ti ya, òmíràn ti bá òjò lọ, òmíràn ni ìkọ̀wé rẹ̀ kò sì ṣeé kà fún ẹni tó kọ ọ́ pàápàá. Ká tilẹ̀ ní wọ́n pé, ìṣòro tó wúwo jù ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ṣí káàdì mẹ́wàá ní ilé ìwòsàn kékeré, ẹ óò rí i pé "màláríà àti táífọ́ọ̀dù" ni wọ́n kọ sí púpọ̀ nínú wọn, tó sì jẹ́ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Widal, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ni wọ́n fi gbé táífọ́ọ̀dù kalẹ̀. Widal kì í ṣe àyẹ̀wò tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé níbi tí àìsàn náà ti pẹ́ láàárín ènìyàn. Ó lè tọ́ka sí ẹni tó ti ní i rí, tàbí ẹni tí àìsàn mìíràn ń ṣe. Kọ̀ǹpútà tó bá fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ kọ́ ara rẹ̀ yóò kọ́ àṣìṣe wa ní àkọ́yé, yóò sì máa fi ìdánilójú tún un sọ fún wa.

Èyí tí wọ́n bá ti kọ́ lókè òkun wá náà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwòrán àrùn awọ ara tí wọ́n fi kọ́ irú ètò wọ̀nyí jẹ́ ti àwọn ènìyàn aláwọ̀ funfun, wọn kì í sì í ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀ lára àwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n níbi tí àwòrán bá ti jẹ́ ohun tí à ń wò, bíi fọ́tò àyà tàbí kòkòrò màláríà lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá, mi ò ní tan ẹnikẹ́ni: neural network ló yẹ níbẹ̀, fuzzy logic kò lè bá a dù ú.

Oúnjẹ fuzzy logic ni ìmọ̀ tó wà lórí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn sì wà lọ́dọ̀ wa. Ohun tí yóò fi jẹ ènìyàn níyà ni iye òfin. Bí àmì bá jẹ́ márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpele mẹ́ta, gbogbo àpapọ̀ tó lè wáyé jẹ́ 243, dókítà mẹ́ta sì lè jókòó tì í fún ọjọ́ mélòó kan. Bí àmì bá di mẹ́wàá, iye náà yóò di 59,049. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun kọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú dókítà, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a óò kó àmì jọ sí ìsọ̀rí, kí àwọn ti inú wà níbi kan, kí àwọn ti orí àti ara ríro wà níbòmíràn, kí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan sì kọ́kọ́ dáhùn tirẹ̀ kí wọ́n tó pàdé. Ọ̀nà kan tún wà tó so fuzzy logic pọ̀ mọ́ neural network, tí Jang gbé jáde ní 1993 pẹ̀lú orúkọ ANFIS, níbi tí dátà ti ń tún ààlà àwọn ẹgbẹ́ náà ṣe. Ó wúlò fún ẹni tó bá ti ní àkọsílẹ̀ díẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí kò bá tíì ní, kí ó má ṣe kánjú lọ síbẹ̀.

Ní ti iná àti ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ kò gùn: òfin gígún, Bayes àti fuzzy logic lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ti òfin orílẹ̀-èdè, òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà tó jáde ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ohun tó gba ìṣọ́ra pàtàkì, ó sì kan ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àmọ́ èyí tó ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàdì jọ ló kàn jù.

Ibà tí kò gba ìwọ̀n

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ ètò ìdámọ̀ ibà fún ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí kò sì ronú nípa ibà Lassa, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Abúlé Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kòkòrò náà ní 1969, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ wa wà lára àwọn tó ń jìyà rẹ̀ jù lónìí, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì wà lára àwọn tí orílẹ̀-èdè gbójú lé fún ìtọ́jú rẹ̀. Eku kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys natalensis ló ń gbé e wọ inú ilé. Ọjọ́ 2 sí 21 ló lè gbà kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, nǹkan bí ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó bá sì kó o ni kò ní rí àmì tó le. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń gbilẹ̀ jù.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ohun tí aláìsàn Lassa yóò sọ kò yàtọ̀ sí ti màláríà: ara gbígbóná, orí fífọ́, àárẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, ara ríro. Ètò fuzzy logic tí a bá kọ́ dáadáa yóò wo ìwọ̀nyí, yóò fún màláríà ní 0.8, yóò fún Lassa ní 0.4, yóò sì fi màláríà síwájú. Ìdáhùn yẹn bá ìwọ̀n mu, kò sì ṣìṣe nínú ìṣirò, àmọ́ ó lè pa aláìsàn, ó sì lè pa nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ láìwọ ìbọ̀wọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Bí àyẹ̀wò tí wọ́n gún ìka ṣe bá tilẹ̀ sọ pé màláríà wà níbẹ̀, kò tíì dá Lassa sílẹ̀, nítorí pé ènìyàn lè ní méjèèjì, àyẹ̀wò náà sì lè máa tọ́ka sí màláríà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò rẹ̀.

Níbí yìí ni òfin gígún ti gba ipò rẹ̀ padà lọ́wọ́ fuzzy logic. Ara gbígbóná tí kò lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí aláìsàn ti ń lo oògùn màláríà tó dára, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde níbi tí kò yẹ, tàbí pé aláìsàn wà nítòsí ẹni tó ní Lassa: bí ọ̀kan péré nínú ìwọ̀nyí bá wà, kò sí ìwọ̀n mọ́, kò sí pé ó kéré. Ètò gbọ́dọ̀ dúró, kí ó pe dókítà, kí ó ní kí wọ́n ya aláìsàn sọ́tọ̀, kí wọ́n sì mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò PCR, èyí tó ń wá àmì kòkòrò Lassa fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. A ó kọ òfin yìí sí iwájú gbogbo òfin fuzzy, gẹ́gẹ́ bí ẹnu ọ̀nà tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó dé inú ilé. Mo ti rí ètò kan tí wọ́n da Lassa pọ̀ mọ́ àwọn àìsàn yòókù nínú ìwọ̀n kan náà, tí wọ́n sì ń yìn ín pé ó rọrùn láti lò. Àyà mi já nígbà tí mo rí i.

Kí ó ṣàlàyé ara rẹ̀

Dókítà tó gbọ́ pé 0.6 ni yóò béèrè pé kí ló dé. Òfin gígún lè tọ́ka sí òfin tó lò. Fuzzy logic náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè fi ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ sọ ṣàlàyé, pé ara gbóná dé ìwọ̀n yìí, orí ń fọ́ dé ìwọ̀n yẹn, òfin kejìdínlógún sì ló dáhùn jù. Bayes lè ṣàlàyé fún ẹni tó mọ ìṣirò. Neural network kì í sábà lè sọ ìdí rẹ̀ ní ọ̀nà tí ènìyàn yóò fi lè bá a jiyàn, nọ́ọ̀sì tí kò bá sì lè bá ẹ̀rọ jiyàn yóò gbà fún un nígbà tí kò yẹ.

Èwo ni kí ẹ mú

Bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé tàbí ilé ìwòsàn àdáni kékeré ni ẹ ní, tó jẹ́ pé káàdì lẹ fi ń kọ nǹkan, ẹ mú fuzzy logic tí àmì rẹ̀ kò ju mẹ́fà tàbí méje lọ ní ìsọ̀rí méjì, kí ẹ sì fi òfin gígún Lassa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti to àwọn aláìsàn sórí ìlà àti láti sọ irú àyẹ̀wò tó yẹ, kí ó má ṣe kọ oògùn. Ilé ìwòsàn ńlá tó ti ń kọ àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà fún ọdún mélòó kan, tí láàbù rẹ̀ sì ń fìdí àìsàn múlẹ̀, yóò ṣe ara rẹ̀ láǹfààní bí ó bá lo Bayes, nítorí pé òun ní nọ́ńbà tí àwa yòókù kò ní. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí fọ́tò tàbí àwòrán láàbù, neural network ni tirẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi fuzzy logic ṣe iṣẹ́ àṣekágbá kò gbọdọ̀ fi àpẹẹrẹ tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ dán ètò rẹ̀ wò kí ó sì pè é ní àṣeyọrí. Kí ó gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí, kí ó sì wá káàdì 50 tí láàbù ti fìdí àìsàn inú wọn múlẹ̀, tí Widal nìkan kò sì gbé kalẹ̀. Kí ó bo orúkọ aláìsàn àti èsì mọ́lẹ̀, kí ó gbé àwọn káàdì náà fún ètò rẹ̀, kí ó tún gbé wọn fún nọ́ọ̀sì kan àti dókítà kan tí kò bá a kọ òfin. Kí ó wá ka iye tí olúkúlùkù gbà àti iye tí ó sọnù, kí ó sì ka èyí tó sọnù nínú àwọn àìsàn tó ń pani lọ́tọ̀, nítorí pé ètò tó gba 45 nínú 50 tó sì pàdánù Lassa kan ṣoṣo kò tíì yẹ kó wọ ilé ìwòsàn kankan ní ìpínlẹ̀ yìí.